Ojú Àwọn Òkú Lára Ògiri: Bí Fọ́tò Ṣe Jẹ́rìí Sí Ìyà Tí Wọ́n Fi Jẹ Àwọn Júù

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú pálọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí á wọ ilé àgbàlagbà ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgándò níhìn-ín kí á má bá fọ́tò lára ògiri. Bàbá onílé yóò wà níbẹ̀ nínú agbádá, yóò fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Àlájà yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ti Mọ́kà dé, eyín wúrà rẹ̀ yóò máa dán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni álímánáàkì ẹgbẹ́ àsàlátù máa ń wà: orí ènìyàn bí ogójì, wọ́n gé fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ra ní ìlà-ìlà, Àáfà àgbà láàárín, orúkọ kálukú lábẹ́ tirẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ sára álímánáàkì náà lè ti kọjá láti ogún ọdún, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò yọ ọ́ kúrò. Bí ẹnìkan nínú wọn bá kú, a ó na ìka sí i, a ó ní, "Lágbájá nìyí o, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ." Iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju báyìí lọ: kí á kó ojú ènìyàn púpọ̀ jọ sí ibì kan, kí ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn wọn lè wò wọ́n kí ó sì mọ̀ pé wọ́n gbé ayé rí.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-kéwú wa tí ó jẹ́ kí á kọ ìwé yìí. Pátákó kan wà lára ògiri wa tí a lẹ fọ́tò pélébé àwọn ọmọ kéwú wa àkọ́kọ́ mọ́, àwọn tí wọ́n ṣe wòlímọ̀ ní ọdún 1996. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ilẹ̀ Lárúbáwá kàwé dé sọ pé kí á yọ ọ́ kúrò, nítorí pé àwòrán yíyà kò bá ẹ̀sìn mu. Kò pẹ́ sí i, nígbà tí à ń sọ ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn ọmọ, ọmọkùnrin mìíràn dìde. Ó ní irọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ pé Hitler pa àwọn Júù, pé òun ti rí i lórí fóònù pé ńṣe ni àwọn aláwọ̀ funfun lẹ fọ́tò pọ̀ láti fi tan ayé jẹ. Ẹni méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, a rí i pé ìbéèrè kan náà ni: kí ni fọ́tò wúlò fún, ṣé a sì lè gba ẹ̀rí rẹ̀?

Ti àkọ́kọ́, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Muhammad Bakhīt al-Mutī‘ī, tí ó jẹ́ Mùfútì ilẹ̀ Íjíbítì láti ọdún 1914 sí 1920, kọ ìwé kan láti fi hàn pé fọ́tò kì í ṣe ère tí ènìyàn gbẹ́, pé òjìji ohun tí Ọlọ́hun ti dá ni ẹ̀rọ kàn dì mú. Àwọn mìíràn kò gbà fún un títí di òní. Ọ̀dọ́ wa náà ní ìwé ìrìnnà, fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀; a kò bá a jà.

Ti ìkejì ni ó ká wa lára.

Ọmọ náà kò kúkú jayò pa nígbà tí ó ní ènìyàn lè lẹ fọ́tò pọ̀ kí ó dà bí òótọ́. Àwọn onífọ́tò ilẹ̀ wa ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1978, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé lórí àwọn onífọ́tò Yorùbá, pàápàá àwọn ti Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò a máa ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọ-tabo, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó kù nígbà kan, aṣọ obìnrin nígbà kejì. (A kò fọwọ́ sí ohun tí àwọn kan ń bọ nídìí ìbejì o, iṣẹ́ ọwọ́ onífọ́tò ni à ń sọ.) Ǹjẹ́ irọ́ ni fọ́tò yẹn pa? Ìyá tí ó gbé e kọ́ mọ̀ pé ọmọ kan ni ó jókòó síwájú kámẹ́rà. Ohun tí ó ń sọ ni pé méjì ni òun bí.

Síbẹ̀, ẹ̀rí ni ẹ̀rí ń jẹ́, a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa ọmọ kéwú ni ó yẹ kí ó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ènìyàn bá mú hádíìsì wá, a kì í kàn gbà á. A ó bèèrè pé: ta ni ó gbọ́ ọ? Lẹ́nu ta ni ó ti gbọ́ ọ? Ṣé wọ́n pàdé ara wọn láyé? Ṣé àwọn mìíràn náà gbọ́ ọ láti ọ̀nà tí ó yàtọ̀? Ẹ jẹ́ kí á bi fọ́tò àwọn Júù ní ìbéèrè kan náà.

Ìlú kékeré kan wà tí àwọn Júù ń pè ní Eishyshok. Ní ilẹ̀ Lithuania ni ó wà lónìí, ṣùgbọ́n láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, abẹ́ Poland ni ó wà. Àwọn Júù ti ń gbé ibẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Yitzhak Uri Katz àti ìyàwó rẹ̀, Alte, wà lára àwọn onífọ́tò ìlú náà. Bí ẹ ti mọ̀ pé onífọ́tò àdúgbò kì í jókòó lásán lọ́jọ́ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn rí: ìyàwó tuntun, àgbà onírùngbọ̀n, ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ó fi ọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, gbogbo wọn ni wọ́n ń ya. Àwọn ará ìlú náà a sì máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹbí wọn ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí tiwa náà ti ń fi fọ́tò ìkómọ ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ojú àwọn ènìyàn náà parẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, àwọn apànìyàn Hitler àti àwọn ará Lithuania tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kó àwọn Júù ìlú náà àti ti agbègbè rẹ̀ jọ. Wọ́n kó wọn lọ sẹ́yìn ìlú, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n sínú kòtò. Karl Jäger, ọ̀gá ẹgbẹ́ apànìyàn náà, ṣe ìṣirò iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Fún ìlú yìí, ó kọ ọ́ pé: ọkùnrin 989, obìnrin 1,636, ọmọdé 821, àpapọ̀ 3,446. Kì í ṣe Júù ni ó kọ ìwé yìí. Ẹni tí ó pa wọ́n ni ó kà wọ́n, bí alájàpá ti ń ka ẹrù.

Ọmọ-ọmọ Alte Katz kan yè é. Yaffa Sonenson ni orúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà náà. Nígbà tí ó dàgbà, ó di Yaffa Eliach, olùkọ́ ìtàn ní Brooklyn College ní New York. Ní ìparí ọdún 1970 sí 1979, Ààrẹ Carter fi í sára àwọn tí yóò gbìmọ̀ bí Amẹ́ríkà yóò ṣe ṣe ìrántí àwọn tí wọ́n pa. Obìnrin yìí wò ó pé fọ́tò òkú tí wọ́n tò jọ bí igi ni gbogbo ayé ń wò, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí àwọn òkú náà ṣe rí nígbà tí wọ́n wà láàyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ará Eishyshok àti àwọn ọmọ wọn kiri, láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ó ń bẹ wọ́n, ó ń wo inú àpótí wọn, ó ń bèèrè orúkọ. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀dógún tí ó fi ṣe é, nǹkan bí fọ́tò 6,000 ni ó sì rí kó jọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìrántí náà ní Washington ní oṣù kẹrin ọdún 1993, wọ́n kọ́ ilé gogoro kan sínú rẹ̀ tí ó ga tó ilé alájà mẹ́ta. Fọ́tò ìlú Eishyshok ni ó bo ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n lé ní 1,000. Orí afárá ni ènìyàn ń gbà kọjá láàárín wọn. Kò sí òkú kan níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ènìyàn tí ó ń rẹ́rìn-ín ni, ọmọ tí wọ́n wẹ̀ tí wọ́n wọṣọ fún ni, ìyá àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá wọlé lè kọ́kọ́ rò pé ibi ayẹyẹ ni òun dé. Ìgbà tí ó bá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ọjọ́ méjì ni wọ́n fi pa ìlú náà run. Àlẹ̀mọ́ra fọ́tò nìyẹn, álímánáàkì ìlú tí kò sí mọ́. Yaffa Eliach kú ní ọdún 2016.

Ẹ wá wo ìsínáàdì rẹ̀. Fọ́tò náà kò ti ọwọ́ ẹnìkan wá. Inú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti jáde, ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí wọn kò gbìmọ̀ pọ̀. Àkọsílẹ̀ apànìyàn sì wá bá wọn mu. Àwọn onímọ̀ wa ní orúkọ fún ìròyìn tí ó gba ọ̀nà púpọ̀ wá débi pé kò ṣeé ṣe kí gbogbo àwọn tí ó mú un wá ti fohùn ṣọ̀kan lórí irọ́. Mutawātir ni wọ́n ń pè é.

Èkejì tún yani lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1944, àwọn sójà SS fúnra wọn ya fọ́tò bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń já àwọn Júù láti ilẹ̀ Họ́ńgárì sílẹ̀ ní Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn tí ó wà ní Poland. Wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé fọ́tò, wọ́n kọ àkọlé sí wọn, bí ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n lé ní 190. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan, Lili Jacob, wà lára àwọn tí wọ́n kó wá nígbà náà. Wọ́n ti gbé e láti ibẹ̀ lọ sí àgọ́ mìíràn, Dora, tí ó jìnnà réré, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà dé ní oṣù kẹrin ọdún 1945. Àìsàn ń ṣe é. Nínú ilé tí àwọn sójà Jámánì sá kúrò, ó bá ìwé kan. Ó ṣí i, ó rí rábì ìlú rẹ̀. Ó tún ṣí i síwájú, ó rí àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, Zelig àti Sril, tí wọ́n dúró nínú èrò. Ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà ni ọjọ́ tí ó rí àwọn àbúrò rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Auschwitz ní Frankfurt láàárín ọdún 1963 sí 1965, Lili gbé ìwé náà lọ sí kóòtù. Ní ọdún 1980, ó fi í jìn ilé ìrántí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù.

Fọ́tò mẹ́rin mìíràn wà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ìyà ń jẹ ni ó yà wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, àwọn Júù tí wọ́n fi tipá mú láti máa sun òkú ní Auschwitz rí kámẹ́rà kan gbé wọlé. Àwọn kan ṣọ́nà, ẹnìkan nínú wọn, tí wọ́n gbàgbọ́ pé Alberto Errera ará Gíríìkì ni, ya fọ́tò náà ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà kò mú ju ẹ̀ka igi lọ, ọwọ́ ẹni tí ó yà á kò rójú dúró. Inú ọ̀pá ọṣẹ ìfọyín ni wọ́n fi fíìmù náà sí tí ó fi jáde dé ọwọ́ àwọn ajàjàgbara ní Krakow. Ṣé ẹni tí ó fẹ́ parọ́ ni yóò ya ẹ̀ka igi?

Àwọn tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gé fọ́tò láti fi bú Hitler wà lóòótọ́. John Heartfield, ará Jámánì, ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yẹn. Ó fi síkásọ̀ gé wọn, ó tò wọ́n kí ènìyàn lè rí ìwà ìkà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dídùn, títí ó fi sá kúrò nílùú ní ọdún 1933. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí iṣẹ́ Heartfield tí kò mọ̀ pé àwàdà kíkorò ni. Èyí yàtọ̀ sí ti Eishyshok bí orin ti yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí.

Ọmọ wa tún ní, "Àáfà, kí ni ó kan àwa aláwọ̀ dúdú?" Ẹ jẹ́ kí á dá a lóhùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú àwọn ọmọ ogun Faransé tí ó ń dáàbò bo agbègbè Lyon. Láti Sẹ̀nẹ̀gà, Gíní àti àwọn ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali àti Burkina Faso lónìí ni wọ́n ti wá. Mùsùlùmí bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, ní Chasselay, lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Hitler ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n kó nǹkan bí àádọ́ta wọn lọ sínú pápá, wọ́n sì pa wọ́n. Ní ilẹ̀ Faransé lódindi ní ọdún náà, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pa báyìí lẹ́yìn tí wọ́n ti mú wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1942, wọ́n ṣí itẹ́ òkú kan sí Chasselay, wọ́n mọ ògiri rẹ̀ bí ilé àwọn ará Sùdáànì àtijọ́, wọ́n sì gbé erùpẹ̀ láti Dakar lọ síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lé ní 180, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní orúkọ.

Fún ọgọ́rin ọdún ó dín díẹ̀, ẹnu lásán ni a fi ń sọ ọ́. Ní ọdún 2019 ni ìwé fọ́tò sójà Jámánì kan jáde nínú àwọn ohun àtijọ́ tí wọ́n ń tà. Fọ́tò mẹ́jọ wà nínú rẹ̀ tí ó fi àwọn ọmọ Áfíríkà hàn: wọ́n mú wọn, wọ́n tò wọ́n, òkú wọn sì wà nínú pápá. Julien Fargettas, òpìtàn ará Faransé, bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ilẹ̀ ibẹ̀ àti ìwé àtijọ́, Chasselay ni. Ọwọ́ tí ó ya àwọn àbúrò Lili Jacob àti ọwọ́ tí ó ya àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kọ́ wọn: pé ènìyàn kan kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tí ó bá sọ pé irọ́ ni ti Júù, kí ni yóò fi gba ti àwọn ọmọ Áfíríkà gbọ́?

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò sọ pé, "Palẹ́sítínì ńkọ́?" A kò sá fún un. Ìyà àwọn ará Gásà ń dùn wá, fọ́tò wọn ni a sì fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé gba ẹ̀rí fọ́tò Gásà kò lẹ́nu láti pe fọ́tò Auschwitz ní irọ́. Ẹsẹ kẹjọ Súrátùl-Máídà wà lórí ahọ́n àwọn ọmọ kéwú wa. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ó sọ nípa ìkórìíra àti ẹ̀rí jíjẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Ànábì (s.a.w.) dìde dúró nígbà tí wọ́n ń gbé òkú Júù kan kọjá, nítorí pé ẹ̀mí ni.

Mùsùlùmí kan tilẹ̀ wà nínú ìtàn yìí tí ó jẹ́ onífọ́tò, ó sì wù wá kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ ọ́n. Refik Veseli ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún bí 17, ó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Tirana, olú-ìlú Albania. Moshe Mandil, Júù tí ó sá wá láti Yugoslavia pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé fọ́tò kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Albania ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1943, Refik mú ẹbí náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, Vesel àti Fatima, ní Krujë lórí òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n fara pamọ́ sí títí ilẹ̀ náà fi bọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1944. Lẹ́yìn ogun, Mandil padà sílé, ó ṣí ilé fọ́tò, Refik sì lọ bá a láti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀, òun náà kò gbàgbé ọ̀gá. Ní ọdún 1987, lẹ́yìn tí Gavra ọmọ Mandil kọ̀wé ohun tí ojú rẹ̀ rí, Yad Vashem kọ orúkọ Refik àti àwọn òbí rẹ̀ sára àwọn olódodo. Àwọn ni ará Albania àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pátákó wa ni ó kù. Àwọn àgbà ilé-kéwú jókòó, wọ́n ní kí á yọ ọ́ kúrò níbi tí à ń kírun, kí á gbé e sí yàrá ìwé. Ọ̀dọ́ tí ó ti ilẹ̀ Lárúbáwá dé gbà bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ó bá wa gbé e. Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀, a rí i pé a kò kọ orúkọ sábẹ́ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yìí wá. Ọmọ tí ó bi wá léèrè ni a fún ní bírò. Fọ́tò 31 ni ó wà níbẹ̀. A dá 26 mọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mẹ́ta nínú wọn ti kú. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ nítòsí wá dá mẹ́rin mọ̀ sí i. Ọ̀kan ni ó ṣẹ́kù, ọmọbìnrin oníbọ̀rùn funfun, ìlà kẹta lápá òsì, igun fọ́tò rẹ̀ ti ya. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kéwú ní Ìgándò nígbà náà, tí ó sì rò pé òun mọ̀ ọ́n, kí ó jọ̀wọ́ yà wò ó lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àyè orúkọ rẹ̀ ṣì wà lófìfo.